Orí Keje: Ṣíṣọ́ Kọ̀ǹpútà Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Sísọ Tẹ́lẹ̀ Bí Yóò Ti Ṣe

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Ẹni tí a bá fi kọ̀ǹpútà ńlá kan sí ìkáwọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ilé ìfowópamọ́, ìbáà jẹ́ ti yunifásítì, ìbáà jẹ́ ti ọsibítù, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí i pé ọ̀rọ̀ náà bá iṣẹ́ òun mu. Nítorí ẹ̀rọ tó ń dáhùn wéréwéré lánàá, tí gbogbo ènìyàn ń kì ní akọ̀wé-àìsùn, ajẹná-má-jẹyán, a-ṣírò-má-ṣì, òṣìṣẹ́ tí kì í ní ó rẹ òun, lè jí ní òwúrọ̀ òní kí ó máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣẹ́ nínú rẹ̀, láìjẹ́ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kan ibi tí kò yẹ kí ó kàn.

Orí yìí kò dá lórí ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: yóò dákẹ́, àwọn tó ń lò ó yóò sì pariwo. Èyí tó ń fẹ́ òye ni ti ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le koko, tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ tí à ń dì lé e lórí ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, tí olówó rẹ̀ sì fẹ́ mọ ìgbà tí yóò wúwo jù fún un, kí ó lè tètè ra òmíràn tàbí kí ó tún ètò iṣẹ́ náà tò. Ohun tí èmi fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú kúrò níhìn-ín, bí ó bá tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ìyókù, ni pé kọ̀ǹpútà kì í dúró kí ó kún kí ó tó fi ìyà jẹ àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọ̀nà jíjìn ni ìyà náà ti ń bọ̀, ìṣirò tí kò le sì tó láti fi rí i lókèèrè.

Àwọn ohun tí à ń kà

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ojú tí kò mọ ohun tí ó ń wá, ìran lásán ló ń wò. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló wà lónìí tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n gbàgàdà kọ́ ara ògiri, tí àwòrán aláwọ̀ mèremère ń lọ sókè sódò lójú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ léèrè pé ìbéèrè mélòó ni ẹ̀rọ wọn ń parí ní ìṣẹ́jú kan, tí wọn yóò máa wo ojú ara wọn.

Ní ọdún 1978, Peter Denning àti Jeffrey Buzen, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, tẹ àròkọ kan jáde tó tú ọ̀rọ̀ yìí sí wẹ́wẹ́. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ní kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ kọ sílẹ̀: bí àkókò ìṣọ́ ti gùn tó, iye ìbéèrè tó wọlé ní àkókò náà, iye tó parí tí ó sì jáde, àti iye àkókò tí ọwọ́ ẹ̀rọ fi dí. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àbá tàbí àròsọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo wọn ni a lè kà bí ẹni ń ka owó.

Ẹ jẹ́ kí a mú dísìkì sáfà kan, kí a sì ṣọ́ ọ fún wákàtí kan, èyí tíí ṣe ìṣẹ́jú àáyá 3,600. Ìbéèrè 108,000 wọlé, 108,000 náà ni ó parí, a sì rí i pé ìṣẹ́jú àáyá 2,160 ni ọwọ́ dísìkì náà fi dí. Bí a bá fi 3,600 pín 108,000, a ó rí 30: ìbéèrè 30 ni ẹ̀rọ ń parí ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi 108,000 pín 2,160, a ó rí 0.02: ìbéèrè kan ń gba ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ́wọ́ ẹ̀rọ, tàbí mílísẹ́kọ́ǹdì 20, nítorí ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ǹdì ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá sì fi 3,600 pín 2,160, a ó rí 0.6, tí ó fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ọgọ́ta ni ọwọ́ ẹ̀rọ fi dí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí i pé 30 lọ́nà 0.02 náà jẹ́ 0.6. Èyí kì í ṣe èèṣì. Òfin ni, a kò sì ní í rí ẹ̀rọ tí yóò rú u.

Iye tó wọlé àti iye tó jáde dọ́gba nínú àpẹẹrẹ wa. Níbi tí wọn kò bá ti dọ́gba, tí èyí tó ń wọlé ń ju èyí tó ń jáde lọ láti wákàtí dé wákàtí, kí olùṣọ́ má wulẹ̀ ṣe wàhálà ìṣirò mọ́: ìlà ń gùn nìyẹn, kò sì ní í dẹ́kun gígùn títí iṣẹ́ yóò fi dínkù tàbí títí a ó fi wá ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ.

Òfin kejì, èyí tó dùn mọ́ mi ju gbogbo òfin inú ẹ̀kọ́ yìí lọ, ni èyí tí John Little fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1961. Ó ní ìpíndọ́gba iye ìbéèrè tó wà nínú ẹ̀rọ, àti èyí tí à ń dá lóhùn lọ́wọ́ àti èyí tó ń dúró de tirẹ̀, kò jẹ́ nǹkan mìíràn ju iye tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́nà àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò kí ó tó jáde. Bí ìbéèrè 30 bá ń wọlé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lo mílísẹ́kọ́ǹdì 50 láti ìgbà tó wọlé títí dìgbà tó jáde, ìbéèrè kan àbọ̀ ni a ó máa bá nínú ẹ̀rọ ní ìpíndọ́gba. Òfin náà kò bèèrè bóyá wọ́n ń rọ́ wá tàbí wọ́n ń kán wá; kò bèèrè ẹni tí à ń kọ́kọ́ dá lóhùn; nítorí náà ó wúlò fún yíyẹ olùṣọ́ fúnra rẹ̀ wò. Bí àkọsílẹ̀ kan bá ní 30 ló ń wọlé, tó ní mílísẹ́kọ́ǹdì 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò, tó sì tún ní mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹ̀rọ, kí a má ṣe di ẹ̀sùn ru ẹ̀rọ: àkọsílẹ̀ ló purọ́.

Bí a ti ń ṣọ́ ọ

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A lè máa yọjú wo ẹ̀rọ láti ìgbà dé ìgbà, bóyá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí a kọ ohun tí a bá lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. A sì lè pàṣẹ fún un pé gbogbo ìbéèrè tó bá wọlé ni kí ó kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò ìwọlé àti àkókò ìjáde rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìyọjú méjì, a kò mọ̀ ọ́n. Ti èkejì kò jẹ́ kí ohunkóhun bọ́, ṣùgbọ́n olùṣọ́ ń jẹ nínú ohun tí ó ń ṣọ́: kíkọ sílẹ̀ náà ń gba àkókò, ó ń gba àyè lórí dísìkì, tí a kò bá sì ṣọ́ra, ẹ̀rọ tí a fẹ́ mọ ìdí tí ó fi lọ́ra yóò tún lọ́ra sí i nítorí àtimọ̀ wa.

Lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń lo Linux, ohun èlò ìyọjú kò wọ́n. Ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ náà uptime yóò rí nọ́ńbà mẹ́ta ní ìparí ìlà tí ẹ̀rọ fi dá a lóhùn. Ká ní ohun tó rí ni 6.10, 3.05, 1.20. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ìpíndọ́gba iye iṣẹ́ tó wà lẹ́nu pírósẹ́sọ̀ tàbí tó ń dúró dè é ní ìṣẹ́jú kan tó kọjá, èkejì ń sọ ti ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀kẹta ti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Linux sì tún ka àwọn iṣẹ́ tí dísìkì dá dúró mọ́ wọn. Bí pírósẹ́sọ̀ méjì péré bá wà nínú ẹ̀rọ náà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò ti mọ̀ pé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ara tu ẹ̀rọ yìí; pé nǹkan kan dé bá a láìpẹ́; àti pé nǹkan náà kò tí ì lọ. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wá yí padà, tí ó di 1.20, 3.05, 6.10, ìjì ti jà kọjá nìyẹn.

Ìpíndọ́gba ni mo ti ń dárúkọ láti òkè wá, ó sì yẹ kí n kìlọ̀ nípa rẹ̀ kí n tó lọ síwájú, nítorí ìka kò dọ́gba. Bí a bá dá ènìyàn 99 lóhùn ní mílísẹ́kọ́ǹdì 20-20, tí ẹnì kan sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin gbáko, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdì 59.8, iye tí kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún náà tó fojú rí i. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ yóò wo 59.8, inú rẹ̀ yóò dùn, ẹni ọgọ́rùn-ún yóò sì máa bínú lọ sílé. Nítorí èyí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń to gbogbo àkókò ìdáhùn láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, tí wọ́n sì ń bèèrè pé, mélòó ni ti ẹni tó wà ní ipò 50 nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ni ti ẹni ipò 95, mélòó ni ti ẹni ipò 99? Jeffrey Dean àti Luiz Barroso, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Google nígbà náà, fi hàn ní ọdún 2013 bí ẹni kan nínú ọgọ́rùn-ún yìí ti lè di ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí sáfà kan bá ń lọ́ra fún ìbéèrè kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, tí iṣẹ́ kan bá sì níláti gba ọ̀dọ̀ irú sáfà bẹ́ẹ̀ ọgọ́rùn-ún kí ìdáhùn rẹ̀ tó pé, nínú ọgọ́rùn-ún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, 63 ni ìlọ́ra yóò kàn.

Bí ìlà ti ń gùn

A wá dé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀, n kò sì ní í kánjú níbẹ̀. Kí a fi ẹ̀rọ ata inú ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ìyá tó ń bá wọn lọ ata ní, ó sì ń gbà á ní ìṣẹ́jú méjì ní ìpíndọ́gba láti lọ ti ẹnì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹlòmíràn jẹ́ abọ́ kékeré, ti ẹlòmíràn sì jẹ́ garawa tí ó fẹ́ fi se ọbẹ̀ ìnáwó. Àwọn oníbàárà kò bá ara wọn ṣe àdéhùn. Bí kálukú ti rí àyè ni ó ń dé. Bí ènìyàn 15 bá ń wá ní wákàtí kan, ọwọ́ ẹ̀rọ yóò dí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò sinmi fún ọgbọ̀n. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ń sinmi fún ìdajì àkókò rẹ̀, kí ni ẹnikẹ́ni tún ń dúró dè? Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ènìyàn mẹ́ta yóò pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà mìíràn kò ní í sí ẹnì kankan. Àkókò tí ẹ̀rọ sì fi jókòó láìsí aláta, kò ṣeé kó pamọ́ de ìgbà tí èrò bá pọ̀. Nítorí náà ìpíndọ́gba àkókò tí obìnrin kan ń lò níbẹ̀ yóò jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, kì í ṣe méjì.

Òfin tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn láti rántí: kí a yọ ìwọ̀n ọwọ́-dídí ẹ̀rọ kúrò nínú 1, kí a sì fi ohun tó kù pín àkókò tí iṣẹ́ kan ń gbà. Bí ènìyàn 24 bá ń wá ní wákàtí kan, ọwọ́ ẹ̀rọ dí dé 0.8, ohun tó kù jẹ́ 0.2, obìnrin kọ̀ọ̀kan yóò sì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá di 27, yóò di ogún ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá di 29, tí ẹnì kan péré ló kù kí ẹ̀rọ kún, yóò di ìṣẹ́jú 60. Láti orí 15 dé 24, ènìyàn mẹ́sàn-án ló fi ìṣẹ́jú mẹ́fà kún ìdúró. Láti orí 27 dé 29, ènìyàn méjì péré ló fi ogójì kún un. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí dísìkì wa, tí ìbéèrè kan ń gba mílísẹ́kọ́ǹdì 20 lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìbéèrè 10 ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá, ìdáhùn ń gba mílísẹ́kọ́ǹdì 25. Nígbà tí ó di 20, ó gba 33. Nígbà tí ó di 30, ó gba 50. Ẹni tó bá fi rúlà fa ìlà gbọọrọ láàárín ohun tó ti rí wọ̀nyí yóò sọ pé bí ó bá di 40, kò lè ju 65 tàbí 70 lọ. Irọ́ ni. Yóò jẹ́ 100. Bí ó bá di 45, yóò jẹ́ 200; bí ó bá di 49, yóò jẹ́ 1,000, ìṣẹ́jú àáyá kan odindi, lórí ẹ̀rọ tí rúlà ṣì ń sọ pé kò tí ì kún. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ti rí tí àwọn ènìyàn ń ṣe nínú iṣẹ́ yìí, fífi rúlà sọ àsọtẹ́lẹ̀ àkókò ìdáhùn ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ń náni lówó jù.

Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀

Ìmọ̀ yìí ti wà kí a tó mọ kọ̀ǹpútà. Agner Krarup Erlang, onímọ̀ ìṣirò ará Denmark tí a bí ní ọdún 1878, wọṣẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen ní ọdún 1908, ohun tí wọ́n sì fẹ́ kí ó wádìí ni pé wáyà mélòó ni yóò tó kí àwọn ènìyàn má baà máa pè kí wọ́n má rí ọ̀nà. Ní ọdún 1917 ó tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde. Bí ìpè ogún bá ń wọlé ní wákàtí kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, àpapọ̀ wọn jẹ́ wákàtí kan gééré, èyí tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè ní Erlang kan lónìí. Ọ̀gbẹ̀rì yóò ní wáyà kan ti tó. Ìṣirò Erlang ní bí wáyà bá jẹ́ ọ̀kan, ìpè kan nínú méjì ni yóò kùnà. Bí ó bá jẹ́ méjì, ọ̀kan nínú márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan nínú 65. Láti orí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé orí èkejì, olówó ilé iṣẹ́ lè wo iye tí wáyà kan ń náni, kí ó sì dúró síbi tí agbára rẹ̀ bá mọ.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni ti CTSS, ètò kan tó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn jọ lo kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fi han gbogbo ayé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lè lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀, tí ẹ̀rọ ńlá náà sì ń fò láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí olúkúlùkù fi ń rò pé ti òun nìkan ni. Nígbà tí ó yá, IBM 7094 ni wọ́n ń lò. Ètò iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń wà nínú àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn aṣàmúlò lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá kan ẹlòmíràn, wọn a gbé ti ẹni àkọ́kọ́ jáde sí ibi ìpamọ́, wọn a gbé ti ẹni tó kàn wọlé. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé, ènìyàn mélòó ni ẹ̀rọ yìí lè gbà kí ó tó di ìyà?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Allan Scherr, fi ìbéèrè yìí ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1965. Ó ṣọ́ CTSS lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ka ohun méjì pàtàkì. Ó rí i pé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dá ènìyàn lóhùn, onítọ̀hún máa ń lo ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú àáyá 35.2 láti fi ka ìdáhùn náà, láti fi ronú, láti fi tẹ ọ̀rọ̀ tuntun. Àti pé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ tuntun náà ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ kò ju ìṣẹ́jú àáyá 0.88 lọ ní ìpíndọ́gba. Àkókò yípo ẹnì kan, bí kò bá sí ẹlòmíràn nídìí ẹ̀rọ, jẹ́ 36.08. Ẹ fi 0.88 pín in, ẹ ó rí 41.

Nọ́ńbà 41 yìí ni ẹnu ààlà. Bí ó bá ṣe é ṣe kí àwọn ènìyàn 41 máa tẹ̀lé ara wọn láìfẹsẹ̀ kan ara wọn, ọwọ́ ẹ̀rọ yóò dí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò sì ní í dúró. Ẹ̀dá kì í rìn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìdúró ti ń bẹ̀rẹ̀ kí èrò tó pé 41. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 41, kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá wá kún wọn yóò fi ìṣẹ́jú àáyá 0.88 kún ìdúró gbogbo wọn. Láti mọ iye tí ìdáhùn kò lè kéré sí, a ó fi 0.88 lọ́nà iye ènìyàn, a ó sì yọ 35.2 kúrò. Fún ènìyàn 50, ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 8.8; fún 60, ó jẹ́ 17.6. Gbogbo èyí ni a lè mọ̀ kí ẹni ọgọ́ta tó fẹsẹ̀ kan ilé, láti inú nọ́ńbà méjì tí a kà nígbà tí nǹkan ṣì dẹrùn. Òkèèrè lolójú-jínjìn ti í mẹ́kún sun.

Fún ti èrò tí kò tó 41, Scherr yá àpẹẹrẹ kan lò láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n ti ń ṣírò bí atúnṣe kan ṣoṣo yóò ti máa tún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́ nígbà tó wù wọ́n ṣe. Àpẹẹrẹ náà kò mọ̀ rárá bí CTSS ti ń yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ dá lóhùn, bẹ́ẹ̀ Corbató ti fi làákàyè púpọ̀ ṣe ètò yíyàn náà. Síbẹ̀, nígbà tí Scherr gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó fojú rí, wọ́n súnmọ́ ara wọn gan-an. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú sí èyí. Ètò yíyàn ń sọ ẹni tí yóò jìyà. Iye èrò, ìwọ̀n iṣẹ́ àti àkókò ìrònú ló ń sọ bí àpapọ̀ ìyà yóò ti pọ̀ tó.

A kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan ìtàn náà pamọ́. Wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n fún Scherr lórí ẹ̀rọ náà lọ́sẹ̀, ìṣirò rẹ̀ sì ń jẹ wákàtí bí iná ti ń jẹ kóríko. Ní ọdún 1962, ó fi káàdì kan pàṣẹ kí ẹ̀rọ tẹ ìwé tí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní orúkọ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ń ṣọ́ bí àwọn ènìyàn ti ń lo ẹ̀rọ ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń lò ó ní ìlòkulò.

Ibi tí àsọtẹ́lẹ̀ ti ń ṣaki

Ìṣirò tí a ti ń ṣe bọ̀ gbà pé àkókò tí iṣẹ́ kan ń gbà kò yí padà bí èrò ti ń pọ̀. Níbi tí èyí kò bá jẹ́ òtítọ́, àsọtẹ́lẹ̀ yóò wó. Denning tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló ṣàlàyé ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ní ọdún 1968: bí ètò iṣẹ́ tó ń pín mẹ́mórì kan lò bá pọ̀ jù, tí àyè kò gba ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ yóò máa lo gbogbo àkókò rẹ̀ láti gbé ti èyí jáde kí ó lè gbé ti èkejì wọlé, iye iṣẹ́ tó ń parí yóò sì já wálẹ̀ lójijì dípò kí ó dúró sójú kan. Olùṣọ́ tó bá rí i pé dísìkì kò sinmi, tí pírósẹ́sọ̀ sì jókòó láìríṣẹ́ ṣe, mẹ́mórì ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Fífi pírósẹ́sọ̀ kún pírósẹ́sọ̀ náà ní òpin tirẹ̀. Gene Amdahl fi hàn ní ọdún 1967 pé bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ kan bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín, pírósẹ́sọ̀ mẹ́wàá kò ní í mú un yá ní ìlọ́po mẹ́wàá bí kò ṣe ìlọ́po 6.9, a kò sì lè rí ìlọ́po ogún bí a tilẹ̀ kó gbogbo pírósẹ́sọ̀ ayé jọ.

Ó ku ti iye iṣẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí kí a tó sọ bí ẹ̀rọ yóò ti ṣe lọ́la, a níláti mọ iye ìbéèrè tí ọ̀la yóò kó wá. Charles Holt ní ọdún 1957 àti Peter Winters ní ọdún 1960 fi ọ̀nà kan lélẹ̀ tí a ṣì ń lò: kí a ya ìwọ̀n tí iṣẹ́ wà, bí ó ti ń pọ̀ sí i, àti àsìkò rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì máa tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe bí nọ́ńbà tuntun ti ń wọlé, kí ti àìpẹ́ yìí wúwo ju ti ọjọ́ pípẹ́ lọ. Ní ọdún 2000, Jake Brutlag fi ọ̀nà yìí sínú RRDtool, ohun èlò tí ọ̀pọ̀ olùṣọ́ ń lò, kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní aago méjì òní kò jọ ti aago méjì tí a ti ń rí.

Àsìkò òpin oṣù tí owó iṣẹ́ ń wọlé, ọ̀nà yìí yóò kọ́ ọ mọ̀. Ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde ni kò lè mọ̀, nítorí kò sí àná tó jọ ọ́ nínú ìwé. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ohun kan tún wà tó burú ju iye èrò lọ: ẹni tí kò bá tètè rí èsì rẹ̀ yóò tún un tẹ̀, yóò gba fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ náà, ìbéèrè ẹnì kan yóò sì di mẹ́rin. Ìdúró ń bí ìbéèrè, ìbéèrè ń bí ìdúró. Ẹni tó bá ń ṣètò fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe ka iye akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Kí ó ronú iye ìgbà tí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já lè tẹ bọ́tìnnì ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì ṣe ètò tí yóò sọ fún un kíákíá pé ó wà lórí ìlà àti ipò tí ó wà, nítorí ẹni tó mọ ipò rẹ̀ kì í tún ìlà tò.

Ìdánrawò

1. A ṣọ́ dísìkì kan fún wákàtí kan. Ìbéèrè 144,000 ló parí, ìṣẹ́jú àáyá 2,880 sì ni ọwọ́ rẹ̀ fi dí. Wá iye tó ń parí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ dísìkì, àti ìwọ̀n ọwọ́-dídí. Bí àwọn ìbéèrè bá ń dé láìsí àdéhùn bíi ti àwọn aláta, mílísẹ́kọ́ǹdì mélòó ni ìdáhùn kan yóò gbà? Fi òfin Little wá iye ìbéèrè tí a ó máa bá nínú ẹ̀rọ.

2. Ká ní MIT fi ẹ̀rọ tó yára ní ìlọ́po méjì rọ́pò IBM 7094, tí àkókò ìrònú àwọn ènìyàn kò sì yí padà. Wá nọ́ńbà ẹnu ààlà tuntun, kí o sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi jẹ́ 82.

3. Akẹ́kọ̀ọ́ 360,000 fẹ́ wo èsì wọn láàárín wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò tẹ̀ ẹ́, dísìkì kan sì ń lo mílísẹ́kọ́ǹdì 20 fún ìbéèrè kan. Dísìkì mélòó ló kéré jù tí a gbọ́dọ̀ ní kí ìlà má baà máa gùn láìdẹ́kun? Mélòó ni a gbọ́dọ̀ ní, bí a bá pín iṣẹ́ náà dọ́gba láàárín wọn, kí ìpíndọ́gba ìdáhùn má ju mílísẹ́kọ́ǹdì 40 lọ? Tún ìṣirò náà ṣe fún ọjọ́ tí kálukú tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.